Ọ̀nà Tí Màmá Mi Gbà Dé Àbújá

Ẹ̀pà jóná lọ́jọ́ náà. Òun ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, òórùn ẹ̀pà tó jóná nínú ìkòkò oníyanrìn, tó gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé wa ní Ọ̀wọ̀, tí àwọn ará ilé kejì fi ń béèrè láti ẹ̀yìn ògiri pé kí ló ń jó. Màmá mi ló ń yan ẹ̀pà náà. Ó fẹ́ rọ ọ́ sínú ìgò kí a gbé e lọ sí Àbújá, nítorí pé ọkùnrin tó fẹ́ lọ fẹ́ níbẹ̀ fẹ́ràn ẹ̀pà yíyan láti ìgbà èwe. Èmi jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fóònù mi gbọ̀n lọ́wọ́ mi, mo sì ka ohun tó wà níbẹ̀ sókè láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ilé-iṣẹ́ bàálù tí a gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wọn ló fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Wọ́n ní ó dun àwọn láti sọ fún wa pé àwọn kò ní í máa fò láti Àkúrẹ́ sí Àbújá mọ́. Kì í ṣe pé bàálù ọjọ́ náà ló bàjẹ́, kì í sì í ṣe pé ojú ọjọ́ kò dára. Ọ̀nà yẹn gan-an ni wọ́n pa rẹ́. Màmá mi dá ọwọ́ dúró lórí ìkòkò, ó ń wò mí. Nígbà tí yóò fi rántí pé iná ṣì ń jó, ẹ̀pà ti dúdú bí èédú.

Màmá mi ti lé ní ọgọ́ta ọdún nígbà náà. Ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kó tó fẹ̀yìn tì, ọmọ bíbí Ọ̀wọ̀ ni, ọmọ ìjọ Áńgílíkà láti inú oyún. Bàbá mi ti kú láti ìgbà tí mo wà ní ilé-ìwé girama, màmá mi sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe opó bí àwọn ará ìjọ ṣe fẹ́ kí opó máa ṣe é, jẹ́jẹ́, pẹ̀lú aṣọ tí kò pariwo. Èmi jẹ́ akọ̀wé kékeré ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Mo gbọ́n lójú ara mi. Mo ti wọ bàálù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé mi, láti Àkúrẹ́ sí Àbújá, nígbà tí wọ́n rán wa lọ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà, ẹ ó rò pé èmi ni mo wà á. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bàálù pọ́ọ́kú yẹn dé Àkúrẹ́, èmi ni mo di ògbóǹtarìgì ọ́fíìsì wa. Èmi ni wọ́n ń bi pé ọjọ́ wo ni tíkẹ́ẹ̀tì máa ń dínwó, ibo ni àga tó dára wà, ṣé wọ́n ń gba gàrí wọlé. Mo ń dá gbogbo wọn lóhùn. Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbà nígbà tó ń jẹ ọbẹ̀ ọ̀fẹ́? Nítorí náà, nígbà tí màmá mi sọ pé òun fẹ́ lọ sí Àbújá lọ ṣe ìgbéyàwó, mo nàyà pé kó fi ètò ìrìnàjò lé mi lọ́wọ́.

Ọkùnrin náà kì í ṣe àjèjì sí i. Ará Àkókó ni. Ní ìgbà ọ̀dọ́ wọn, àwọn méjèèjì jọ kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé kan ní Òkèlùsé, nígbà tí ọ̀nà ibẹ̀ burú débi pé, bí òjò bá rọ̀, ọkùnrin náà á gbé kẹ̀kẹ́ màmá mi lé èjìká la ẹrẹ̀ kọjá, màmá mi á sì máa mú bàtà rẹ̀ lọ́wọ́ tẹ̀lé e. Ó ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Bàbá màmá mi kọ̀. Ó ní ọmọ òun kò ní í lọ di ará Àkókó. Ẹ̀gbọ́n màmá mi tó jẹ́ àkọ́bí ilé wọn ni wọ́n rán lọ sí Òkèlùsé lórí ọ̀kadà láti lọ sọ ọ́ fún un, ó sì sọ ọ́ láìbọ́ọ́lẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ọkùnrin náà fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, ó bá ìjọba àpapọ̀ ṣiṣẹ́, ó fẹ́ ìyàwó, ó bímọ. Màmá mi náà fẹ́ bàbá mi, ó sì fẹ́ràn rẹ̀, n kò ní í purọ́ mọ́ ọn. Ikú mú bàbá mi. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ikú mú ìyàwó ọkùnrin náà. Ibi ìsìnkú ọ̀gá ilé-ìwé wọn àtijọ́ ni wọ́n ti tún pàdé, ní Òkèlùsé kan náà. Láti ọjọ́ náà ni fóònù màmá mi ti ń dún ní ìrọ̀lẹ́, tí yóò sì gbé e lọ sí ìdí igi máńgòrò, tí èmi yóò máa gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti inú ilé. N kò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ rí lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rín ọmọge ni.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ náà yá kánkán ni itan ọkùnrin náà. Egungun ibẹ̀ ti jẹ tán, ọ̀pá ló fi ń rìn, kò lè jókòó pẹ́ nínú ọkọ̀. Àwọn dókítà ní Àbújá ti dá ọjọ́ Ajé kan tí wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, kí wọ́n fi irin rọ́pò egungun náà. Ó sọ fún màmá mi lórí fóònù pé ẹni tí òun bá kọ́kọ́ rí bí òun bá lajú, òun fẹ́ kó jẹ́ ìyàwó òun, kì í ṣe àlejò tó wá kí òun. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gba ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ọjọ́ Ajé náà ní rẹ́jísìrì ìgbéyàwó Àbújá. Ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo tó ń gbé níbẹ̀ fọwọ́ sí i. Èmi náà fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò fọwọ́ sí i ni ẹ̀gbọ́n màmá mi, tó ti di olórí ẹbí báyìí, àgbà ìjọ, ẹni tí ìgbìyànjú rẹ̀ láti wúkọ́ lásán ń mú kí ilé pa rọ́rọ́.

Mo pe nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ bàálù náà. Orin ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé e níkẹyìn, ó ní kí n má ṣèyọnu, àwọn lè fi wá sínú bàálù tó ń lọ láti Èkó. Mo ní Ọ̀wọ̀ la wà. Ó béèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ṣé Ọ̀wọ̀ jìnnà sí Èkó ni. Mo pa fóònù. Ojú ń tì mí ju bí inú ṣe ń bí mi lọ, nítorí pé gbogbo ọ́fíìsì ló mọ ọjọ́ tí èmi ògbóǹtarìgì ń mú ìyá mi fò.

Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ rìn ní Ọ̀wọ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, ẹ̀gbọ́n màmá mi ti dé. Kò tilẹ̀ jókòó kó tó bẹ̀rẹ̀.

"Mo gbọ́ pé bàálù kò lọ mọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi," ni màmá mi dáhùn. "Ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó."

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Mo ti ń gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́run bá tì, kò sẹ́ni tó lè ṣí i. Ó ti bá ọ sọ̀rọ̀ báyìí, àbúrò mi. Gbọ́."

Màmá mi ń bọ ọwọ́ nínú iyanrìn ìkòkò náà, ó ń ṣa ẹ̀pà tó jóná kúrò. Kò gbójú sókè.

"Ọlọ́run tí mò ń sìn mọ ilé mi," ó ní. "Bó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, kò ní í fi sínú fóònù ọmọ mi. Àwọn tó ni bàálù ni wọ́n rí i pé èrò Àkúrẹ́ kò tó wọn. Kí ló kan Ọlọ́run nínú ìyẹn?"

"Ní ọjọ́ orí rẹ? Ìwọ tó o ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ? Kí ni kí n sọ fún àwọn ará ìjọ?"

"Ẹ sọ fún wọn pé mo lọ lọ́kọ."

Mo bojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má baà rí mi pé mò ń rẹ́rìn-ín. Bàbá náà fi ọ̀pá rẹ̀ tẹ ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí mo rò pé ó ti wà nínú rẹ̀ láti ìgbà Òkèlùsé. Ó ní ohun tí bàbá àwọn ti sọ, kò yẹ kí ọmọ kankan yí i padà lẹ́yìn rẹ̀. Màmá mi nu ọwọ́ rẹ̀ nù, ó dìde.

"Bàbá wa sọ tirẹ̀, mo sì gbọ́ràn. Mo gbọ́ràn dáadáa, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀. Mo ti gbọ́ràn tán."

Nígbà tó lọ, màmá mi bi mí pé ibo ni bàálù ti tún ń lọ sí Àbújá tí kì í ṣe Èkó. Mo ní Ìbíní. Ó ní, "Ọ̀nà kan kò wọ ọjà." Òtítọ́ ni pé Ìbíní kò jìnnà sí wa. Àwọn baba ńlá wa ti mọ ọ̀nà ibẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ronú bàálù; ẹni tó bá rí ìlẹ̀kẹ̀ àti aṣọ ààfin Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ ọdún mọ̀ pé a ti ń rìn ín tipẹ́. Mo rí ilé-iṣẹ́ bàálù mìíràn tó ń fò láti Ìbíní ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Pọ́ọ́kú ni òun náà. N kò kọ́gbọ́n.

Ohun tó ń ba ènìyàn lẹ́rù ní ọ̀nà Ìbíní ni igbó. Láti Elégbèka títí dé Ìfọ́n, àwọn ajínigbé ti sọ ọ̀nà náà di ohun tí ènìyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ̀gbọ́n màmá mi rán ọmọ rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀mejì láti rán wa létí. Màmá mi ní òun ti gun kẹ̀kẹ́ la igbó Ọ̀sẹ̀ kọjá kí wọ́n tó bí àwọn tó ń dẹ́rù bà á. Síbẹ̀ kì í ṣe aṣiwèrè. Ó wá dírẹ́bà kan tó mọ ọ̀nà náà bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ará Àfò, tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ ní ABD nígbà tó ṣe olùkọ́ níbẹ̀. Ọkùnrin náà ti ní irùngbọ̀n funfun díẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe rí màmá mi ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ tó ti gbó.

"Tíṣà mi, ẹ kú àárọ̀ mà. Ẹ jẹ́ n sọ òfin ọ̀nà fún yín. A kì í dúró láàárín Elégbèka sí Ìfọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ tọ̀, kó tọ̀ ní Ọ̀wọ̀."

Màmá mi jókòó síwájú. Mo ní kó wá sẹ́yìn, ó ní ẹni tó ń lọ sílé ọkọ kì í fara pamọ́. Ní Elégbèka, iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà létí ọ̀nà bí ó ti ń wà, àwọn àgbẹ̀ ń ju ọwọ́ sí wa, kò sí ohun kan tó dà bí ewu níbẹ̀, ohun náà ló sì ń bà mí lẹ́rù. Lẹ́yìn ìyẹn, dírẹ́bà tẹ iná mọ́ ọkọ̀. Mo di àga mú. Màmá mi ń wo igbó, ó ń sọ orúkọ àwọn abúlé tí ọ̀nà wọn yà kúrò lára títì, ó ń sọ èyí tó ti kọ́ ọmọ níbẹ̀, èyí tí omi rẹ̀ dùn, èyí tí wọ́n ti fún un ní àgbò. Ìgbà tí a rí àwọn ọlọ́pàá ní àbáwọlé Ìfọ́n ni dírẹ́bà mí èémí, tó wá ní, "Tíṣà, ẹ ò bẹ̀rù rárá?" Màmá mi ní òun ń bẹ̀rù. Ó ní ìdí tí òun fi ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

A dé pápákọ̀ òfurufú Ìbíní kí àkókò tó tó. Mo ti ń yọ̀ nínú ara mi. Ṣùgbọ́n ní ibi kántà ilé-iṣẹ́ bàálù tiwa, èrò dúró jọ, wọ́n ń pariwo, ọmọbìnrin kan nínú yúnífọ́ọ̀mù pupa sì dúró lẹ́yìn kántà bí ẹni tí òjò ń rọ̀ lé lórí. Ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún gbogbo ènìyàn: bàálù ilé-iṣẹ́ náà kò tó nǹkan mọ́, àwọn tó kù ni wọ́n kó lọ sí àwọn ọ̀nà tí èrò pọ̀ sí, láti ọjọ́ náà lọ, wọn kò ní í máa fò láti Ìbíní sí Àbújá mọ́. Ó ní wọ́n ti fi ìméèlì ránṣẹ́ sí gbogbo wa láàárọ̀. Mo wo fóònù mi. Lóòótọ́, ó wà níbẹ̀. Ìgbà tí a wà nínú igbó tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí ni wọ́n fi ránṣẹ́.

Bí mo ṣe ń ya wèrè lọ́jọ́ náà, n kò fẹ́ rántí gbogbo rẹ̀. Mo lu kántà. Mo bi ọmọbìnrin náà bóyá ó ní ìyá. Mo sọ fún un pé ìyá mi ń lọ ṣe ìgbéyàwó lọ́la, pé àwọn tó gbà á síṣẹ́ jẹ́ gbájúẹ̀. Màmá mi di apá mi mú láti ẹ̀yìn.

"Fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Ṣé òun ló ni bàálù?" Ó yíjú sí ọmọbìnrin náà, ó fi Gẹ̀ẹ́sì olùkọ́ àtijọ́ bi í pé ṣé ó ti jẹun láti àárọ̀. Ọmọbìnrin náà ní rárá, mà, omi sì lé sí i lójú.

A jáde lọ sí ibi tí a gbé ọkọ̀ sí. Mo jókòó sórí báàgì mi, mo bú sẹ́kún. Mo ní ká padà sílé. Mo tilẹ̀ pa òwe fún un, èmi ọmọ àná, pé bí iwájú kò bá ṣeé lọ, ẹ̀yìn a ṣeé padà sí.

"Ta ló sọ fún ọ pé iwájú kò ṣeé lọ?" màmá mi ní. "Bàálù ni kò lọ."

Ìgbà náà gan-an ni fóònù rẹ̀ dún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. N kò mọ ẹni tó ti sọ fún un, bóyá ìbínú ló ń jẹ́ kó gbọ́ nǹkan láti ọ̀nà jíjìn. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú fóònù, ó ń sọ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni Ọlọ́run ti wí báyìí, kí ni àbúrò òun tún ń dúró dè. Màmá mi jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Àwọn èrò ń kọjá pẹ̀lú ẹrù wọn, oòrùn mú, gèlè rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó tún un ṣe kó tó dáhùn, bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń rí i.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bàálù méjì ló ti kọ̀ mí. Ọkùnrin náà kò tíì kọ̀ mí. Ọmọ Ọ̀ghọ̀ ni mí, ẹ jẹ́ n rìn."

Ọ̀ghọ̀ ni a ń pe Ọ̀wọ̀ lédè wa. Ó pa fóònù. Ó wo dírẹ́bà tó ti ń wo ilẹ̀ láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. "Ìwọ, ṣé ọkọ̀ yìí lè dé Àbújá?"

Dírẹ́bà wo ọkọ̀ rẹ̀, ó wo màmá mi. "Tíṣà, kò dé ibẹ̀ rí o. Ṣùgbọ́n ọ̀dà ni wọ́n fi ṣe títì ibẹ̀ náà, àbí?" Ó pe ìyàwó rẹ̀ ní Àfò pé kó má retí òun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní òun kò ní í wa ọkọ̀ lóru, Tíṣà tàbí ẹni yòówù kó wí. Màmá mi ní ọmọ tí òun kọ́ dáadáa nìyẹn.

A sùn ní Auchi, nínú ilé àlejò kékeré kan tí ẹ̀rọ amúnáwá rẹ̀ ń hó bí àgbo. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, a ti wà lọ́nà. A kọjá Òkéné, òkè ń yọ láti inú ìkùukùu lọ́tùn-ún lósì, màmá mi sì wọ aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ láti ibi tí a sùn, léèsì aláwọ̀ ewúro, ó fi ìborùn bò ó kí eruku má baà bà á. Nígbà tí a dé orí afárá Lọ́kọ́jà, ó pe ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ó ní, "Mo rí odò Ọya." Ẹni tó wà lódìkejì sọ ohun kan, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín abẹ́ máńgòrò yẹn, dírẹ́bà sì ń wo iwájú gan-an bí ọmọ ilé-ìwé tí kò fẹ́ kí Tíṣà mọ̀ pé òun ń gbọ́.

Lẹ́yìn Lọ́kọ́jà ni tírélà kan dùbúlẹ̀ sí àárín títì. Kò sí ọ̀nà síwájú, kò sí ọ̀nà sẹ́yìn. Àwọn tó ń ta omi àti búrẹ́dì ti dé ibẹ̀ kí àwọn ọlọ́pàá tó dé. A jókòó nínú oòrùn náà títí tí mo fi dẹ́kun wíwo aago. Ìgbà tí wọ́n wọ́ tírélà náà kúrò, dírẹ́bà wa ọkọ̀ náà bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀, ṣùgbọ́n Àbújá kì í ṣe ìlú tí ènìyàn ń sáré wọ̀ ní ọ̀sán Ẹtì.

Nígbà tí a rí ilé rẹ́jísìrì náà, wọ́n ti tilẹ̀kùn. Ọkùnrin náà jókòó sórí bẹ́ńṣì ní ìta, lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, pẹ̀lú agbádá funfun àti fìlà, ọ̀pá rẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà ní òun ti bẹ̀ ẹ́ títí kí àwọn lọ sílé, ó kọ̀, ó ní màmá mi ti sọ fún òun pé a ti dé Lọ́kọ́jà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ láti ìṣẹ́jú yẹn.

Màmá mi sọ̀ kalẹ̀. Aṣọ rẹ̀ ti rún. Ó rìn lọ bá a, ó jókòó lórí bẹ́ńṣì náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìkúnlẹ̀, láìsunkún.

"Wọ́n ti lọ," ọkùnrin náà ní. "Wọ́n ní ká padà wá lọ́jọ́ Ajé."

"Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń ṣe ẹsẹ̀ yín."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn."

Mo rò pé màmá mi yóò wó lulẹ̀ níkẹyìn, mo ti ń múra láti gbá a mú. Ó kàn na ọwọ́, ó tún etí fìlà ọkùnrin náà ṣe. "Ó dáa," ó ní. "Ebi ń pa mí. Ẹ jẹ́ ká lọ jẹun."

Lọ́jọ́ Ajé, a jọ lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì tó wá mú un lọ sí tíátà wo gbogbo wa, ó béèrè ẹni tí màmá mi jẹ́ sí aláìsàn, nítorí pé ìyàwó tàbí ọmọ nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kó dúró tì í. Ọmọ ọkùnrin náà la ẹnu. Èmi náà la ẹnu.

"Ìyàwó rẹ̀ ni mí," màmá mi ní.

Obìnrin tó ti na èmi rí nítorí irọ́ tí kò tó èékánná! Nígbà tí a jókòó ní ìta, mo wò ó tìyanu-tìyanu. Ó mọ ohun tí mò ń rò. Ó ní, "Irọ́ kọ́. Ọ́fíìsì wọn ló yára tilẹ̀kùn." Ó sì jókòó síbẹ̀, gbogbo ọ̀sán náà, pẹ̀lú ọwọ́ lórí itan, kò jẹun, kò mu omi, títí dókítà fi jáde wá tó ní iṣẹ́ náà ti bọ́ sí i. Nígbà náà ló sunkún. Ó sunkún débi pé àwọn àlejò aláìsàn mìíràn wá bẹ̀ ẹ́, wọ́n rò pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó náà lẹ́yìn tí ọkùnrin náà ti lè dìde, ní rẹ́jísìrì kan náà. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ onírin rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí wọ́n tilẹ̀ gbé àga fún un. Dírẹ́bà wa wá láti Àfò, ó gbé iṣu dání, òun ló buwọ́ lùwé gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí màmá mi. Ẹ̀gbọ́n màmá mi kò wá. Kò pe fóònù. Màmá mi kò sì pè é.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Èmi náà ti lọ́kọ, mo ti bímọ, mo sì ti di ọ̀gá díẹ̀ ní ọ́fíìsì kan náà, níbi tí àwọn ọmọdé ìsinsìnyí ti ń kọ́ mi bí a ṣe ń wá tíkẹ́ẹ̀tì tó pọ́ọ́kú. Mò ń gbọ́ wọn, n kò jiyàn. Ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Àbújá ti tún ṣí, ó ti tún pa, ó tún ti ṣí. Ilé-iṣẹ́ kan á lọ, òmíràn á dé pẹ̀lú àwọ̀ tuntun lára ìrù bàálù rẹ̀. Ìbínú tó mú mi nígbà náà ti lọ, ṣùgbọ́n ohun kan kù tí kò lọ: bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi báyìí pé Ọlọ́run ló ti ilẹ̀kùn kan, mo máa ń kọ́kọ́ wò ó bóyá kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ló di kọ́kọ́rọ́ mú. Màmá mi kò fi ẹnu kọ́ mi. Mo kàn jókòó sẹ́yìn rẹ̀ nínú ọkọ̀ ni.

Òun àti ọkọ rẹ̀ ti padà wá sí Ọ̀wọ̀, inú ilé màmá mi ni wọ́n ń gbé. Ọkọ rẹ̀ gbin ẹ̀fọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ìṣirò láìgba nǹkan. Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n jọ ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, jẹ́jẹ́, wọ́n á sì gba iwájú àga ẹ̀gbọ́n màmá mi kọjá. Bàbá náà á ní, "Ará Àkókó, ẹ káàárọ̀." Ọkọ màmá mi á tẹríba, á ní, "Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò tíì rẹ ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Láìpẹ́ yìí, ilé-iṣẹ́ bàálù kan tún kéde pé àwọn ń fò láti Àkúrẹ́, owó rẹ̀ sì wálẹ̀ gan-an. Mo lọ bá màmá mi ní ìrọ̀lẹ́. Mo ní, Màmá, ẹ kò tíì wọ bàálù láyé yín títí di òní, ẹ jẹ́ n gba méjì fún ẹ̀yin àti Dádì. Ọkọ rẹ̀ ń bomi rin ẹ̀fọ́ lọ́wọ́, ó ń fi ẹsẹ̀ onírin yẹn rìn láàárín ebè, ó ń kọrin tí ohùn rẹ̀ kò bá a mu rárá. Màmá mi wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi, ó yà á lẹ́nu lóòótọ́.

"Ká lọ síbo?" ó ní.